Àlhájà ẹlẹ́ja nítòsí Ọjà Ìpàtá: panla rẹ̀, ìwé iná rẹ̀, àti òkun tí ẹja ń gbà wá

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi panla bẹ̀rẹ̀. Àlhájà mú méjì jáde láti inú àpò, ó gbá wọn mọ́ra, wọ́n dún kò, bí ìgbà tí a bá fi igi gbá igi. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ọ? Èyí tó bá dún bọ̀ọ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ má rà á." Ó gbé e sí mi nímú. Òórùn òkun ni mo gbọ́, kò sí òórùn ìdíbàjẹ́ níbẹ̀. Ó yí inú rẹ̀ síta kí n lè wo ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dúdú síbẹ̀, bóyá kòkòrò ti dá a lu. Ó mọ́ tónítóní, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí a fi omi là. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ra panla gbígbẹ, kò sí ẹni tó ń tà á tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò rí. "Ẹ mú un mà, ojúlówó ni, ti Norway ni." Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí.

Tíṣà jógíráfì ni mí. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ẹ̀kọ́ girama lápá Òmù-Àrán kí n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mi ò lè jókòó sílé kí n máa ka ọjọ́ owó ìfẹ̀yìntì, mo bá gba ìdí iṣẹ́ ìyá mi lọ: mo ń dáná òde. Ìsọmọlórúkọ ni o, ìgbéyàwó ni o, òkú àgbà ni o, wọ́n ń pè mí láti Òkè-Onígbìn títí dé Ọ̀ffà.

Ohun tó lé mi dé Ìlọrin ni ẹja tí mo rà níbòmíràn. Mi ò ní dárúkọ ìsọ̀ náà. Páálí Titus mẹ́rin ni mo kó fún ìsọmọlórúkọ kan. Nígbà tí a máa tú u, yìnyín ìsàlẹ̀ páálí ti pọ́n, ó dì mọ́ ẹja lára. Ẹni tó bá ti lo fírísà rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹja náà ti yọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn wálẹ̀, wọ́n wá tún un dì. Ojú wọn ti wọnú, ikùn ń bẹ́. Bí mo ṣe dà wọ́n sínú epo gbígbóná ni wọ́n ń fọ́ yángá yángá, tí mi ò rí odidi mẹ́wàá kó jọ nínú páálí kìíní. Ẹni tó pè mí wá síbi iṣẹ́ kò bá mi wí. Ó wo abọ́, ó dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹni tó ta ẹja náà sọ pé ilé mi ni mo ti jẹ́ kó yọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń dáná ní Àjàṣẹ́-Ìpo ló júwe Àlhájà fún mi. Ìsọ̀ náà kò tóbi. Fírísà gbọọrọ mẹ́fà wà níwájú, yàrá yìnyín kan wà lẹ́yìn, ẹ̀rọ tí ń wọn òtútù sì wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. −18 ló máa ń wà nígbà tí mo bá lọ, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kí ẹja dídì wà. Ọjọ́ kan péré ni mo bá a ní −15, torí wọ́n ń já ọjà wọlé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni ìwé kan, ìwé ọmọ ilé-ìwé lásán, tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tan jẹ́ńẹ̀. Bí iná bá lọ, wọ́n á kọ aago tó lọ. Bí wọ́n bá tan jẹ́ńẹ̀, wọ́n á kọ ọ́. Bí iná bá dé, wọ́n á kọ ọ́. Ó jẹ́ kí n ṣí i wò. Mo ka oṣù méjì sẹ́yìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ibi tí wákàtí kan kọjá láìsí iná tàbí jẹ́ńẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta dísù. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ń ṣe wàhálà yẹn. Ó ní, "Màmá, ọmọ ìsọ̀ lè gbàgbé, ó sì lè parọ́. Bó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, mo mọ iye wákàtí, mo mọ páálí tí mi ò gbọ́dọ̀ tà fún olódeṣíṣe."

Ìgbà kejì tí mo lọ ni ọ̀rọ̀ òkun wọ àárín wa, owó panla ló sì mú un wọlé. Owó tí mo fi ń ra odidi mẹ́ta ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹyọ kan ló fún mi. Mo ní, "Àlhájà, ṣé dọ́là náà nìyí?" Ó ní dọ́là wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kó o wọ Èkó sọ fún òun pé ẹja gan-an ló dín kù lókè lọ́hùn-ún. Ó wá bi mí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ tíṣà ni mí, "Níbo lókè lọ́hùn-ún yẹn wà gan-an?"

Mo gba máàkà tó fi ń kọ orúkọ oníbàárà, mo ya ìdérí páálí kan, mo sì ya àwòrán ayé sí i. Ó ti pẹ́ tí inú mi dùn báyẹn kẹ́yìn. Lára páálí Titus náà wọ́n kọ FAO 27. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rí i, ó rò pé nọ́ńbà ọjà lásán ni. Mo ṣàlàyé fún un pé àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé ló pín gbogbo òkun sí nọ́ńbà, pé 27 ni apá àríwá ìlà-oòrùn Òkun Àtìláńtíìkì, láti etí òkun Pọtogí lọ sókè títí wọ inú yìnyín. Nǹkan tí a ń pè ní òkú Èkó láti ìgbà ìyá wa, kì í ṣe Èkó ló kú sí. Ibí yìí ló kú sí.

Mo wá fi máàkà tọ́ka sí Lofoten, àwọn erékùṣù kan ní Norway, lókè ibi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà òtútù. Ẹja tí wọ́n fi ń ṣe panla gbígbẹ, cod ni òyìnbó ń pè é, inú Òkun Barents ló ń gbé, láàárín Norway àti Rọ́ṣíà. Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹrin, á sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lofoten láti yé ẹyin, àwọn apẹja á sì ti máa dúró dè é. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á so ó ní méjì méjì nídìí ìrù, wọ́n á gbé e kọ́ sórí àgbékọ́ igi níta gbangba láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í dáná sí i, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbẹ ẹ́. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àlhájà kò gbà pé kò sí iyọ̀. Mo ní kó rò ó bí iṣu èlùbọ́. Nílé wa ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, inú ọyẹ́ la ń sá a. Bí ọyẹ́ bá fẹ́ dáadáa, ọjọ́ díẹ̀ ló máa gbẹ, á funfun, á dún wóró wóró lórí àpáta. Bí òjò bá ṣàdédé fọ́n sí i lọ́jọ́ kejì, tàbí tí ooru mú láìsí atẹ́gùn, á bu, á dúdú, àmàlà rẹ̀ á kan. Panla náà ní ọyẹ́ tirẹ̀. Òtútù tó wà ní àyíká òdo ni ó ń fẹ́. Bí òtútù bá pọ̀ jù, yìnyín á fọ́ ẹran rẹ̀ nínú. Bí ojú ọjọ́ bá lọ́ wọ́rọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, eṣinṣin á bà á, á jẹrà lórí igi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Áà, ṣé bí ooru bá ń mú níbẹ̀, panla tán nìyẹn?"

Ooru ń mú níbẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2022 fi hàn pé láti 1979, apá òkè ayé yẹn, tí wọ́n ń pè ní Arctic, ń gbóná tó bíi ìlọ́po mẹ́rin bí ayé ṣe ń gbóná lápapọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2012, yìnyín tó kù lójú òkun ibẹ̀ kò tó 3.5 mílíọ̀nù kìlómítà onígun mẹ́rin, kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tí sátẹ́láìtì ti ń wọ̀n ọ́n. Ní ti ẹja fúnra rẹ̀, Norway àti Rọ́ṣíà ló ń jókòó papọ̀ lọ́dọọdún láti pinnu iye cod tí wọ́n lè pa nínú Òkun Barents. 1 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni wọ́n fọwọ́ sí fún 2013. Fún 2025, 340,000 tọ́ọ̀nù ni, kò tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ láti 1991. Mi ò ní parọ́ pé ooru nìkan ló fà á. Pípa àpajù àti ọmọ ẹja tí kò yè dáadáa wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé ọmọ Ìlọrin tó ń ta panla ló fi owó lé e lásán, ó dá a lẹ́bi lọ́nà àìtọ́. Titus náà ti ń ṣí kiri. Láti bí ọdún 2007 ni ó ti ń wọ omi Iceland lọ́pọ̀ yanturu, ibi tí kì í pọ̀ sí tẹ́lẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ sì ti ń bá ara wọn fa a láti ìgbà náà, kálukú ń pa ju iye tí àwọn onímọ̀ ní kí gbogbo wọn pa.

Ibi tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti àwọn ọkọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ ọmọ, ọ̀nà Suez, odò tí wọ́n gbẹ́ la Íjíbítì kọjá, ni mo máa ń fi ẹfun yà sójú pátákó bí mo bá ń kọ́ wọn nípa òwò ojú omi láti Jàpáànù dé Yúróòpù: ó lé ní 11,000 máìlì òkun. Òkè Rọ́ṣíà, yìnyín ni mo máa ń kọ síbẹ̀, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kò ṣe é gbà. Lónìí ó ti ń ṣe é gbà nígbà ooru ibẹ̀, kò sì ju bíi 7,300 máìlì lọ. Ní 2018, ọkọ̀ Venta Maersk gba ibẹ̀ kọjá láti Vladivostok, èbúté Rọ́ṣíà ní ìlà-oòrùn lọ́hùn-ún, lọ sí Yúróòpù, òun ni ọkọ̀ akóńténà ńlá àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ló kó? Ẹja dídì ni púpọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Àlhájà pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo sọ ọ́.

Panla tiwa kò ní í gba ibẹ̀ o. Láti Norway, ọkọ̀ á kàn máa sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lójú Àtìláńtíìkì títí dé Àpápá. Ohun tó kàn wá ni àwọn tó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ẹja náà kọjá. Ẹrù tó gba ọ̀nà òkè Rọ́ṣíà ní 2014 kò ju bíi 4 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ. Ní 2024, ó ti lé ní 37 mílíọ̀nù, epo àti gáàsì ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ gáàsì ní Yamal, lókè Rọ́ṣíà, ní ìparí 2017 ni ó ti ń ròkè. Rọ́ṣíà ní àwọn ọkọ̀ tó ń fọ́ yìnyín pẹ̀lú agbára nukilia, wọ́n á ṣáájú, ọkọ̀ gáàsì á máa tẹ̀ lé wọn. Àwọn ọkọ̀ tó bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, inú Òkun Barents yẹn gan-an ni wọ́n ń gbà, wọ́n á wá gba etí òkun Norway sọ̀ kalẹ̀. Amẹ́ríkà náà ṣírò ní 2008 pé epo tí wọn ò tíì rí lábẹ́ apá òkè ayé yẹn lè tó 90 bílíọ̀nù àgbá. Yìnyín ló ti ń bá wa ṣọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ọmọ Nàìjíríà kankan kò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí epo ń ṣe fún ẹja. Nígbà tí àjọ àyíká ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè gbé ìròyìn wọn jáde lórí ilẹ̀ Ògóní ní 2011, wọ́n ní fífọ̀ rẹ̀ mọ́ lè gba ọdún 25 sí 30, omi gbígbóná sì ni tiwa o, níbi tí epo ti máa ń tètè fò lọ tí kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Nínú omi yìnyín, ó máa ń lọ́ra. Ní 1989, ọkọ̀ Exxon Valdez da epo sí òkun Alaska. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ṣáwá tó wà nínú omi yẹn wó lulẹ̀, kò sì tíì padà bọ̀ sípò. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó pa á gan-an, ṣùgbọ́n àwọn apẹja ibẹ̀ ti gbé àwọ̀n kọ́.

Èéfín tún wà níbẹ̀. Òróró dúdú tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń sun, èéfín rẹ̀ á bà sórí yìnyín funfun, á dúdú bí ìdí ìkòkò mi. Ẹ wọ aṣọ dúdú rin Gánmọ̀ ní ọ̀sán oṣù kẹta, ẹ ó mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún yìnyín dúdú. Láti oṣù keje 2024 ni wọ́n ti fòfin de irú epo yẹn lókè ibẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè gba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ títí di 2029. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọdún márùn-ún ti pọ̀ jù fún ohun tí wọ́n ti mọ̀ pé ó burú.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn wà. Ní 2018, Norway, Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà, Kánádà, Ṣáínà, Jàpáànù àti àwọn mìíràn fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pẹja tà ní àárín gbùngbùn Òkun Arctic fún ọdún 16. Ó di òfin ní 2021. Wọ́n ti ibẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni tó ju àwọ̀n síbẹ̀, kí ẹja tó tán. Èmi ò rántí ibòmíràn tí wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ kí ìjà tó dé. Àwọn apẹja Lofoten náà ti ń bá àwọn tó fẹ́ gbẹ́ epo níbẹ̀ fà á láti ọdún gbọọrọ, ní 2019 ẹgbẹ́ òṣèlú Labour tó tóbi jù ní Norway sì yọ ọwọ́ nínú epo gbígbẹ́ náà. Tí mo bá ti ń dá panla sínú ọbẹ̀, àwọn apẹja yẹn máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọjà. Panla tí mo rà lọ́jọ́ yẹn, ayùn oníná ni wọ́n fi gé e fún mi, ọmọ ìsọ̀ sì gbá ẹ̀rún rẹ̀ jọ sínú ọ̀rá, ó fi ṣe ènì. Ẹ má sọ ẹ̀rún yẹn nù, ìdì kékeré kan ti tó láti mú odidi ìkòkò ẹ̀fọ́ ta sánsán. Mo rẹ panla náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú, mo pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó jinná, ó ń ṣí ní ìpele ìpele bí ojú ewé ìwé, kò rọ̀ pọ̀jọ̀, kò le. Titus rẹ̀ ńkọ́? Nínú páálí mẹ́ta, ẹyọ méjì péré ló fọ́ nínú epo. Òṣùwọ̀n rẹ̀ péye, torí mo gbé e lọ sórí ti ẹlẹ́ran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì bínú.

Àwọn ibi tó kù sí: wọn kì í kọ rìsíìtì àyàfi tí ẹ bá béèrè. Kò sí ibi tí ẹ máa gbé ọkọ̀ sí, awakọ̀ mi ní láti máa yí po. Ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ẹja fẹ́lẹ́, tèmi ti ya kí a tó dé Ìdọ̀fìàn, omi ẹja sì dà sẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ẹ gbé kúlà tiyín lọ, kí ẹ sì ra yìnyín sí i níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń tì í láti bí aago méjìlá títí wọ́n á fi kírun tán, ẹ má lọ dúró sínú oòrùn bí tèmi. Ẹni tó bá ń wá ẹja olówó pọ́ọ́kú, kì í ṣe ibẹ̀. Owó rẹ̀ lé díẹ̀ ju ti ọjà lọ, mo sì ń san án láìjanpata, torí ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́ńẹ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tún lọ. Ìdérí páálí tí mo yàwòrán sí, ó ti fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lókè fírísà kejì, ọmọ ìsọ̀ sì ń tọ́ka Lofoten han ìyá kan tó ń yọwó orí panla. Àlhájà fà mí lọ sí ẹ̀yìn. Páálí ṣáwá tuntun ti dé, nọ́ńbà ara rẹ̀ kì í ṣe 27. FAO 61 ni, ọjà Rọ́ṣíà. Mo sọ fún un pé òkun apá Vladivostok nìyẹn, ìdìkejì ayé. Ó gba máàkà lọ́wọ́ mi, ó fi àmì sí ibẹ̀, ó wo ọ̀nà Suez tí mo yà, ó wo ti òkè yìnyín, ó ní, "Màmá, èwo ló wá gbà dé ọ̀dọ̀ mi?" A yí páálí náà po lẹ́ẹ̀mejì, a ka gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n pa á wà níbẹ̀, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ wà níbẹ̀, òkun tó ti jáde wà níbẹ̀. Wọn ò kọ ọ̀nà síbẹ̀. Ó ní òun á bi àwọn tó kó o wọ Èkó bí wọ́n bá pè lọ́jọ́ Ajé.